Kí Ni Àkókó Ń Wá Lára Igi Àgbọn Tó Ti Kú?

ÌBÉÈRÈ

Ọ̀nà Badore, ní Ajah, ni ilé wa wà. Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Kent nílùú Ọba, òun àti ọkọ rẹ̀ sì gbé oúnjẹ ẹyẹ kọ́ sára igi lẹ́yìnkùlé wọn. Láti ìgbà tí òtútù ti dé ni ó ti ń fi fídíò ẹyẹ kékeré kan ránṣẹ́ sí mi. Nuthatch ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà. Ìlà dúdú kan gba ojú rẹ̀ kọjá, ó sì ń doríkodò bọ̀ wálẹ̀ lára igi láì já bọ́. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ọmọ-ọmọ mi bi mí lórí fóònù pé, “Màmá Àgbà, ṣé irú ẹ̀ wà ní Ajah?” Mo ní ó wà, torí ẹyẹ kan máa ń wá sọ igi àgbọn tó ti kú lẹ́yìnkùlé wa, kò-kò-kò, láàárọ̀ kùtù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó dáadáa, mi ò rí i kó doríkodò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé ẹyẹ kan náà ni? Báwo ni ti ọ̀dọ̀ wọn ṣe ń ṣe é tí kì í fi í já bọ́? Mo tún ń gbé ìrẹsì àti búrẹ́dì síta kí ẹyẹ yìí lè sún mọ́ wa, kannakánná nìkan ló ń wá jẹ ẹ́, eku ló sì ń kó ìyókù lóru. Kí ni kí n gbé síta? Ìbéèrè tó kẹ́yìn: àwọn aládùúgbò ní kí a gé igi àgbọn náà kúrò, pé òkú igi kò wúlò. Ṣé kí a gé e?

Ìyá Bọ́lá, Ajah.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ojú lọ́nà àwọn ọmọ, Ìyá Bọ́lá. Olúwa yóò jẹ́ kí ẹ fojú kan ara yín láìpẹ́. Inú mi dùn sí lẹ́tà yín gidigidi, torí ẹ kò dúró lórí pé ẹ rí ẹyẹ. Ẹ wo ohun tó ń ṣe, ẹ sì rí i pé kò ṣe é bíi ti Kent. Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà. Àwọ̀ ẹyẹ lè tanni jẹ nínú òjìji ewé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹyẹ ń gbà wá oúnjẹ rẹ̀ kì í parọ́.

Ẹyẹ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Kò sí Nuthatch ní Ajah, kò sì sí ní Nàìjíríà rárá. Oríṣi wọn tó bíi 28 káàkiri Yúróòpù, Éṣíà àti Àríwá Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, òkè lọ́hùn-ún ní Mòrókò àti Àlùjíríà nìkan la ti lè rí wọn. Ti Àlùjíríà yẹn tilẹ̀ fara pa mọ́ sínú igbó orí òkè débi pé ọdún 1975 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Èyí tó ń sọ àgbọn yín, àkókó ni. Nínú àwọn àkókó, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ọgbà ilé ní Èkó ni èyí tí wọ́n ń pè ní Grey Woodpecker lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá tún wá, ẹ wo orí àti àyà rẹ̀ bóyá ó ní àwọ̀ eérú, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó fẹ́ jọ ewé tó ń gbó lọ, kí ẹ sì wo ìdí rẹ̀ lókè ìrù bóyá ó pupa. Bí pupa bá tún wà lórí rẹ̀ lápá ẹ̀yìn, akọ ni. Abo kò ní ti orí yẹn. Ó gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20, nígbà tí Nuthatch ti Kent kò ju bíi 14 lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìrìn wọn. Adẹ́mu tó bá gun ọ̀pẹ a fi igbà yí ara rẹ̀ àti igi ká, a fẹ̀yìn ti igbà, a fi ẹsẹ̀ tẹ ara ọ̀pẹ, nígbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ tó ráyè ṣiṣẹ́. Ìrù ni igbà ti àkókó. Àwọn ìyẹ́ àárín ìrù rẹ̀ le gan-an, ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́ ara igi, ó sì ń fara tì wọ́n nígbà tó bá ń sọ igi. Nínú ọmọ ìka mẹ́rin tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn, èyí sì ń jẹ́ kó di èèpo mú ṣinṣin. Ẹyẹ tó bá ń fìrù ti ara rẹ̀ báyìí gbọ́dọ̀ gbé orí sókè. Bí ó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn ló ń fi rìn, tí yóò máa tọ kúẹ́kúẹ́ wálẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fò lọ sí ìdí igi mìíràn láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i kó doríkodò, ẹ kò sì ní rí i láéláé.

Nuthatch ní tirẹ̀ kò náání ìrù. Ìrù rẹ̀ kúrú, kì í fi kan igi. Mẹ́ta nínú ọmọ ìka rẹ̀ kọjú síwájú, ọ̀kan kọjú sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn yẹn sì gùn, èékánná rẹ̀ sì lágbára. Ẹ tún fídíò ọmọ yín wò, kí ẹ tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: kì í kó ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ sójú kan. Ọ̀kan á wà lókè, yóò fi so rọ̀. Èkejì á wà nísàlẹ̀, yóò fi ti ara rẹ̀ kó má baà yí. Bí ó ṣe ń pààrọ̀ wọn ni ó ń rìn, ìbáà jẹ́ sókè, ìbáà jẹ́ sísàlẹ̀, ìbáà jẹ́ lábẹ́ ẹ̀ka.

Oúnjẹ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹyẹ tó ń gun igi láti ìsàlẹ̀ máa ń rí kòkòrò tó wà níhà tí ojú wọn kọ sí. Kòkòrò tó bá sá sí pàlàpálá èèpo tó là sókè, wọ́n á gun igi kọjá rẹ̀ láì rí i. Nuthatch tó ń bọ̀ láti òkè yóò wo inú pàlàpálá náà tààrà. Igi kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ lára rẹ̀, ẹnì kan kò gba tẹnì kan. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kan ara. Ara igi náà tó wọn jẹ láì jà.

Bí ìgbà òtútù bá dé tí kòkòrò bá wọ́n, hóró èso ni Nuthatch ń gbójú lé. Kò lọ́wọ́ tí yóò fi di hóró mú, àgógó rẹ̀ kò sì lè ṣẹ́ èèpo líle ní àṣẹ́là. Ohun tó ń ṣe ni pé yóò gbé hóró náà lọ sára igi, yóò há a sínú pàlàpálá èèpo kó má lè yẹ̀, yóò wá dúró lókè rẹ̀, yóò doríkodò, yóò sì máa fi àgógó lù ú pẹ̀lú gbogbo agbára ara rẹ̀ títí èèpo yóò fi là. Bí ọmọ yín bá gbọ́ kò-kò-kò lẹ́yìnkùlé wọn ní Kent, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé hóró kan ló ń gba ìyà, kì í ṣe igi.

Ẹ tún sọ fún un pé bí oúnjẹ tó gbé kọ́ bá ń tán kíákíá, kì í ṣe pé ẹyẹ náà jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Nuthatch máa ń fi oúnjẹ pa mọ́. Yóò gbé hóró kan lọ sábẹ́ èèpo igi kan, yóò fi èépá igi tàbí ewédò bò ó, yóò padà wá gbé òmíràn lọ síbòmíràn. Kì í kó gbogbo rẹ̀ sójú kan kí olè má baà rí i kó lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tí yìnyín bá bo ilẹ̀ ni yóò padà wá hú wọn jẹ. Àwọn ará wa tó wà ní Atlanta àti agbègbè rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oríṣi Nuthatch tiwọn, tó ń gbé inú igbó igi páìnì: òun máa ń já èépá igi kan, yóò fi ẹnu mú un, yóò sì fi í hú èèpo mìíràn sókè láti fi wá kòkòrò. Ẹyẹ tó ń lo irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé.

Kí wá ni àkókó yín ń wá? Òkú igi àgbọn yẹn kún fún ẹ̀mí. Bí igi bá kú, onírúurú kòkòrò yóò wọ inú rẹ̀, wọn yóò yé ẹyin, ìdin yóò máa jẹ inú igi náà. Ikán á dé, èèrà á dé. Àkókó máa ń kọ́kọ́ sọ igi díẹ̀díẹ̀ káàkiri, bí ẹni ń dán nǹkan wò. Ibi tó bá dún kókó, ó kọjá. Ibi tó bá dún bí ohun tó ti ṣófo nínú, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Bí ihò bá ti là, àgógó ti parí tirẹ̀, ó ku ahọ́n. Ahọ́n àkókó gùn kọjá bí a ṣe lè rò ó, ó lẹ̀ mọ́ nǹkan, egungun tó gbé e ró sì rọ̀ yí ẹ̀yìn agbárí rẹ̀ ká láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ahọ́n yìí ló ń tì wọ inú ọ̀nà tí ìdin ti gbẹ́ sínú igi, òun ló sì fi ń fà á jáde.

Mo mọ̀ pé ọmọ-ọmọ yín yóò béèrè bóyá orí kì í fọ́ ọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun táwọn èèyàn ń kọ́ ara wọn ni pé agbárí àkókó ní ohun rírọ̀ kan tó ń gba ìlù náà sára kó má dé ọpọlọ. Ní ọdún 2022, Sam Van Wassenbergh ti Yunifásítì Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya fídíò àkókó pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń yára gan-an, wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Agbárí náà le gbagidi látòkè délẹ̀. Bí ó bá rọ̀ ni, agbára tí ẹyẹ náà ń lò ìbá ṣòfò. Ohun tó ń dáàbò bo ọpọlọ rẹ̀ ni pé ọpọlọ náà kéré, ìlù tí àkókó sì ń lu igi kò tó ohun tó lè pa ọpọlọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lára.

Ẹ wá rí i báyìí, Ìyá Bọ́lá, ìdí tí àkókó kò fi yà sídìí ìrẹsì yín. Kì í jẹ ẹ́. Oúnjẹ rẹ̀ wà nínú igi gbígbẹ. Ẹ dákun, ẹ má gbé búrẹ́dì àti ìrẹsì síta mọ́. Búrẹ́dì ń yó ẹyẹ láì ṣe é lóore, iyọ̀ inú ìrẹsì wa pọ̀ jù fún ara ẹyẹ, èyí tó bá sì sùn síta ń pe eku. Ẹ̀pà tí wọ́n yan pẹ̀lú iyọ̀ kò dára, ẹ̀pà tó ti bu sì burú jù, torí oró wà nínú èèbu yẹn.

Fún àwọn ẹyẹ mìíràn tó wà ládùúgbò yín, ohun tó yẹ kò wọ́nwó. Ẹ bu ọkà bàbà ẹ̀kúnwọ́ kan sórí pẹpẹ tó ga láàárọ̀, àdàbà àti ẹ̀gà yóò wá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ kó o kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ fi ìbẹ́pẹ tó pọ́n tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ gún ẹ̀ka igi fún àwọn ẹyẹ tó ń jẹ èso. Ẹ má gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń tanná lẹ́yìnkùlé, torí àwọn ẹyẹ kékeré tí àgógó wọn tẹ̀, tí ọrùn wọn ń dán, ń mu oje òdòdó rẹ̀. Ẹ gbé omi sínú àwo pẹlẹbẹ, kó má jìn ju ìka ọwọ́ lọ, kí ẹ sì máa dà á nù lójoojúmọ́ kí ẹ pọn tuntun, kí ẹ̀fọn má baà ráyè pamọ nínú rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ dẹ́kun fífín ọ̀tápíápíá káàkiri ọgbà. Kòkòrò tí ẹ fi oró pa ni àkókó yóò gbé lọ fún ọmọ rẹ̀.

Ní ti wíwo ẹyẹ, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni ó dára jù. Ẹ jókòó sójú kan, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ẹ má sì wọ aṣọ tó ń tàn yòò. Ẹ mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́, kí ẹ kọ èsì ìbéèrè wọ̀nyí sínú rẹ̀: Níbo lára igi ló wà, ìdí ni, àárín ni, tàbí ẹ̀ka? Orí rẹ̀ kọ sókè ni tàbí sísàlẹ̀? Ṣé ìrù rẹ̀ kan igi? Kí ni ó gbé jáde? Ṣé ó jẹ ẹ́ lójú kan náà ni, àbí ó gbé e lọ? Bí ó bá gbé e lọ, apá ibo ló fò sí? Kí àwọn ọmọ-ọmọ yín ní Kent náà dáhùn ìbéèrè kan náà nípa Nuthatch tiwọn ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ wá ka èsì yín fún ara yín lórí fóònù. Wọn yóò mọ Ajah nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà yóò sì mọ ẹ̀yìnkùlé wọn.

Bí wọ́n bá wá sílé, ẹ mú wọn lọ sí Lekki Conservation Centre lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Nigerian Conservation Foundation ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1990, ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 78, àbàtà àti igbó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Afárá orí igi tí wọ́n ṣí ní 2015, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, ń gbé èèyàn dé ibi tí orí igi wà, níbi tí a kì í ti í rí ẹyẹ dáadáa láti ilẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ fún àtíòro níbẹ̀, torí òun náà ní ohun kan tó fi jọ Nuthatch. Nuthatch Kent máa ń fi ẹrẹ̀ rẹ́ ẹnu ihò ìtẹ́ rẹ̀ títí yóò fi há mọ́ ìwọ̀n ara rẹ̀, kí ẹyẹ tó tóbi jù ú lọ má baà gba ilé. Abo àtíòro ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: yóò wọ inú ihò igi, wọn yóò sì rẹ́ ẹnu ihò náà títí yóò fi ku àlàfo tóóró kan. Àlàfo yẹn ni akọ ń gbà bọ́ ìyá àti ọmọ, títí ìyá yóò fi fọ́ ọ jáde.

Ihò igi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, òkú igi àgbọn yín sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí àwọn ẹyẹ ti lè rí i. Àkókó ń gbẹ́ ihò ìtẹ́ tirẹ̀ sínú igi tó ti kú. Bí ó bá kó kúrò, ẹlòmíràn á wọlé. Ẹyẹ aláwọ̀ aró kan wà ní Èkó, Woodland Kingfisher, tí òkè àgógó rẹ̀ pupa tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dúdú. Kò lè gbẹ́ igi fúnra rẹ̀, ihò tí àkókó fi sílẹ̀ ló máa ń yé ẹyin sí. Láti Lẹ́kkí dé Sangotedo, a ti da iyanrìn bo ọ̀pọ̀ àbàtà, a sì ti gé ọ̀pọ̀ igi láti kọ́lé. Igi tó bá kú ni a sì kọ́kọ́ ń gé, torí a rò pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò pé ó wúlò. Òun ni oko àkókó, òun náà ni ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn ṣíwájú, mi ò sì ní sọ pé kí ẹ fi igi tó lè wó sílẹ̀ lórí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ wò ó bóyá ó tẹ̀ síhà ilé, ọ̀nà tàbí wáyà iná. Bí kò bá tẹ̀ síbì kankan, tí ààyè sì wà yí i ká, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá tẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́ igi gígé, kó gé òkè rẹ̀ kúrò, kí ìtì tó ga ju ènìyàn lọ díẹ̀ ṣẹ́ kù lórí ìdúró, kí ẹ sì to èyí tó gé sílẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ọgbà dípò kí ẹ sun ún. Àkókó yóò máa jẹ lára méjèèjì. Kí ẹni náà tó gbé àdá, ẹ fi òwúrọ̀ kan tàbí méjì ṣọ́ igi náà. Bí ẹ bá rí ihò róbótó lára rẹ̀, tí ẹyẹ ń gbé oúnjẹ wọlé tí ó sì ń jáde lófìfo, ọmọ wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí aládàá ṣe sùúrù títí wọn yóò fi fò lọ.